Láti Ìdí Igi Ìrẹ́ Dé Orí Ààtàn: Ìtàn Òwò Àtúnlò Ògbólógbòó Táyà

1. Ìfáárà

Láti ìgbà tí àwọn ìjọba àti àwọn oníṣòwò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó ń bẹ nínú ìdọ̀tí, ọ̀rọ̀ nípa ògbólógbòó táyà ti wọ́pọ̀ nínú ètò òwò. Bí wọ́n ti máa ń sọ ọ́ ni pé òwò tuntun ni, pé ẹ̀rọ nìkan ni ó kù, àti pé ẹni tí ó bá ti rí owó ra ẹ̀rọ ti rí èrè. Ìtàn kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Òwò àtúnlò rọ́bà ti lé ní 150 ọdún. Ó ti gòkè, ó sì ti rẹ̀yìn, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n lò fún un ní ìgbà kọ̀ọ̀kan kì í sì í ṣe ìdí tí ó fi gòkè tàbí tí ó fi rẹ̀yìn.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé iye tí àlòkù táyà ń jẹ́ lọ́jà kò sí nínú táyà náà fúnra rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni ó ń pinnu rẹ̀: iye tí wọ́n ń ta rọ́bà tuntun, òfin tí ìjọba bá ṣe lórí ibi tí àlòkù yóò gbà, àti ọwọ́ àwọn tí ń kó o jọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kẹta ni àwọn tí ń kọ ètò òwò kì í sábà kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ṣe pàtàkì jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti fi èyí hàn, iṣẹ́ yìí yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí bí rọ́bà ṣe di ohun tí kò ṣeé yọ́ mọ́. Yóò tọ ipasẹ̀ òwò àtúnlò ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìtàn rẹ̀ ti hàn kedere jù. Yóò wo wàhálà tí òkìtì táyà dá sílẹ̀ ní oríṣiríṣi ilẹ̀, kí ó tó wá gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà.

2. Iná, imí-ọjọ́ àti igi ìrẹ́

Oje igi ni rọ́bà. Bí ó ṣe ń wá láti ìdí igi, kò wúlò púpọ̀: oòrùn a máa sọ ọ́ di ohun tí ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, òtútù a sì máa mú kí ó gan kí ó sì sán. Ní 1839, ní Amẹ́ríkà, Charles Goodyear rí i pé bí wọ́n bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́ tí wọ́n sì fi iná sí i, yóò le, síbẹ̀ yóò máa nà, yóò sì máa padà sí bí ó ti wà. Ó gba ìwé-àṣẹ lórí iṣẹ́ náà ní 1844. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Hancock ti béèrè fún ìwé-àṣẹ tirẹ̀ ní 1843. Ọ̀rẹ́ Hancock kan, William Brockedon, ni ó fún iṣẹ́ náà ní orúkọ láti ara Vulcan, òrìṣà iná àti iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ láàárín àwọn ará Róòmù àtijọ́. Orúkọ yìí ni ó rìn títí tí ó fi di fọkanáísà lẹ́nu Yorùbá. Ó sì bá iṣẹ́ mu. Ọ̀pọ̀ fọkanáísà ni ó ń sọ písítìnnì tí wọ́n yọ lára ẹ́ńjìnnì àlòkù di ààrò kékeré, tí wọ́n fi ń fi iná lẹ rọ́bà tútù mọ́ ibi tí túùbù ti jò.

Ìdè tí imí-ọjọ́ àti iná dì nínú rọ́bà ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó wúlò fún táyà. Ìdè yìí kan náà ni ó sọ àlòkù rẹ̀ di ìṣòro. Alágbẹ̀dẹ lè fi iná rọ ògbólógbòó ọkọ́ di àdá, asúdẹ sì lè yọ́ ìkòkò idẹ tí ó fọ́ kí ó fi rọ òmíràn. Rọ́bà tí ó ti gba imí-ọjọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá mú un, jíjó ni yóò jó. Kò ní yọ́ kí wọ́n tún un rọ. Gbogbo ìtàn àtúnlò táyà jẹ́ ìtàn bí ènìyàn ṣe ń gbìyànjú láti tú ìdè yìí, tàbí láti rí ọ̀nà tí kò fi ní sí ìdí láti tú u.

Ilẹ̀ Yorùbá wọ inú ìtàn yìí ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko kan tí ó ń gbé ní Belfast, ṣe táyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, kẹ̀kẹ́ gbòde ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, rọ́bà sì di ohun tí ayé ń wá kiri. Igi ìrẹ́, tí ó ti wà nínú igbó Yorùbá tipẹ́tipẹ́, di igi owó. Ní àsìkò tí Gilbert Carter jẹ́ gómìnà Èkó, àwọn tí ó ti mọ iṣẹ́ náà ní Gold Coast fi bí wọ́n ṣe ń kọ igi náà hàn, àwọn ènìyàn sì tú wọ inú igbó. Ní 1895, rọ́bà tí ó gba Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn.

Ọlá yìí kò tọ́jọ́. Wọ́n kọ igi ìrẹ́ ní àkọjù, wọ́n sì gé òmíràn lulẹ̀ kí wọ́n lè rí oje rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Igi ń kú, kò sì sí ẹni tí ń gbin òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1900, òwò náà ti wó. Kì í ṣe pé ayé kò fẹ́ rọ́bà mọ́, nítorí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni owó rọ́bà gun òkè tí kò gùn rí. Orísun rẹ̀ ni wọ́n pa. Ẹ̀kọ́ yìí yẹ ní fífi sọ́kàn, nítorí yóò tún yọjú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí àwọn tí ń kó àlòkù táyà jọ.

3. Ọjà àkọ́kọ́, 1858 sí 1930

Òwò àtúnlò rọ́bà ṣáájú táyà dé. Ní 1858, Hiram Hall gba ìwé-àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀nà kan tí ó rọrùn: wọ́n á lọ àlòkù rọ́bà kúnná, wọ́n á sì fi ooru omi gbígbóná sè é títí yóò fi rọ̀ tó láti pò mọ́ rọ́bà tuntun. Bàtà rọ́bà tí ó ti gbó ni wọ́n ń lò jù nígbà náà. Àwọn tí ń kiri láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń ra àkísà, egungun àti àlòkù irin, ni ó ń ra bàtà wọ̀nyí lọ́wọ́ ará ìlú, tí wọ́n ń kó wọn fún alágbàtà, tí alágbàtà ń kó wọn dé ilé-iṣẹ́. Láìsí àwọn wọ̀nyí, ẹ̀rọ Hall kò ní rí ohun tí yóò lọ̀.

Ìṣòro tí ó tẹ̀lé e ni ti òwú, nítorí aṣọ máa ń wà nínú bàtà rọ́bà. Chapman Mitchell rí ọ̀nà láti fi ásíìdì jẹ òwú náà kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880. Ní 1899, Arthur Marks, ní ilé-iṣẹ́ rọ́bà kan ní Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, gba ìwé-àṣẹ lórí ọ̀nà mìíràn. Èròjà tí ó lò jọ omi eérú tí àwọn apọṣẹ Yorùbá ń lò, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ fíìfíì. Ó ń jẹ òwú, ó sì ń fa imí-ọjọ́ tí kò tíì dè mọ́ rọ́bà jáde. Ọ̀nà Marks bá táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mu, òun ni ó sì gbilẹ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Síbẹ̀, iye tí wọ́n ń ta rọ́bà tuntun ni ó gbé òwò náà ró ju ọgbọ́n àwọn ọkùnrin wọ̀nyí lọ. Ní 1910, pọ́n-ùn rọ́bà kan kọjá ṣílè 12 ní London. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè fojú tín-ín-rín àlòkù. Ṣùgbọ́n ní 1876, Henry Wickham ti kó èso igi rọ́bà láti Brazil lọ sí London, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tan irúgbìn náà ká dé Gúúsù-Ìlà Oòrùn Éṣíà. Nígbà tí àwọn oko ńláńlá Malaya bẹ̀rẹ̀ sí í mú oje wá ní ọ̀pọ̀ yanturu, owó rọ́bà já wálẹ̀ títí, ní 1921, pọ́n-ùn kan kò fi tó ṣílè 1 mọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ní 1922 láti dín rọ́bà tí ń ti oko wọn jáde kù kí owó lè gòkè. Owó gòkè lóòótọ́, ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà sì ṣe ni pé wọ́n padà sí orí àlòkù, wọ́n sì ń tún un lò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n fa òfin náà tì ní 1928, owó rọ́bà tún wó, ọjà àlòkù náà sì bá a lọ. Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń lò ní gbogbo àsìkò yìí. Iye rọ́bà tuntun ni ó ń tì í síwá sẹ́yìn.

4. Ogun Àgbáyé Kejì àti ohun tí ó tẹ̀lé e

Ní Oṣù Kejì 1942, Singapore bọ́ sọ́wọ́ Japan, Malaya, níbi tí apá púpọ̀ nínú rọ́bà ayé ti ń wá, sì ti bọ́ ṣáájú rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọjú sí àwọn ilẹ̀ tí ó kù lábẹ́ rẹ̀ ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n ti rọ àwọn ènìyàn láti túbọ̀ kọ rọ́bà. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Franklin Roosevelt bẹ ará ìlú ní Oṣù Kẹfà ọdún náà pé kí wọ́n kó gbogbo àlòkù rọ́bà wá sí ilé epo, kí wọ́n sì gba sẹ́ǹtì 1 lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọjọ́ tí kò pé oṣù kan, nǹkan bí 450,000 tọ́ọ̀nù ni wọ́n kó jọ.

Ohun méjì ni ó yẹ ní àkíyèsí nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Èkínní ni pé níbi tí wọ́n bá ti fi iye sí àlòkù, tí ibi tí wọn yóò gbé e lọ kò sì jìnnà sí ilé wọn, àwọn ènìyàn yóò kó o wá. Èkejì ni pé àkójọ láìṣà kò tó. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kó wá ni kò dára tó fún ṣíṣe táyà, nítorí gbogbo oríṣi rọ́bà ni ó dàpọ̀ mọ́ra.

Ogun náà ni ó tún pa ọjà àlòkù. Nítorí ọ̀wọ́n rọ́bà, Amẹ́ríkà náwó nára láti fi epo rọ̀bì ṣe rọ́bà, nígbà tí ogun sì fi parí, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe rọ́bà àfọwọ́ṣe ti pọ̀. Rọ́bà yìí pọ̀, kò sì wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 1946, ilé-iṣẹ́ Michelin ní ilẹ̀ Faransé gba ìwé-àṣẹ lórí táyà tí wọ́n to wáyà irin sí lábẹ́ ojú rẹ̀. Táyà yìí lálòpẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti lọ̀, nítorí irin inú rẹ̀ ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Bí irú táyà yìí ti ń gbilẹ̀, tí rọ́bà tuntun sì ń dínwó, àwọn ilé-iṣẹ́ àtúnlò ń ti ìlẹ̀kùn wọn. Ohun tí wọ́n ń ra tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò dà á sí.

5. Òkìtì táyà àti òfin

Yorùbá ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn ilẹ̀ tí ó kọ́kọ́ ní ọkọ̀ púpọ̀ ni ó kọ́kọ́ ní àkísà ọkọ̀. Ní Florida, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n ri nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 táyà sínú òkun nítòsí Fort Lauderdale, wọ́n ní yóò di ibùgbé ẹja. Okùn tí wọ́n fi dì wọ́n já, táyà sì ń bá ìgbì kiri, ó ń ba àwọn òkúta iyùn inú omi jẹ́. Ní 2007 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó mọ̀ nípa wíwẹ̀ lábẹ́ omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n jáde. Ní 1983, òkìtì kan tí ó tó mílíọ̀nù mélòó kan gbiná nítòsí Winchester ní Virginia, ó sì jó fún oṣù 9. Ní Oṣù Kejì 1990, òmíràn tí ó lé ní mílíọ̀nù 12 gbiná ní Hagersville ní Kánádà. Ó jó fún ọjọ́ 17, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì fi ilé wọn sílẹ̀.

Èyí tí ó kan Áfíríkà jù ni ti ẹ̀fọn. Bí wọ́n bá gbé táyà sílẹ̀, bí ó ti wù kí wọ́n gbé e, omi òjò yóò dúró nínú rẹ̀. Ẹ̀fọn kan tí ó jẹ́ ará Éṣíà, Aedes albopictus, máa ń yé ẹyin sí irú ibẹ̀, ẹyin náà sì lè gbẹ kí ó má kú títí omi yóò fi tún kàn án. Ó bá àlòkù táyà rìnrìn-àjò gba òkun kọjá. Ní 1985 wọ́n rí i pé ó ti fìdí múlẹ̀ ní Houston ní Amẹ́ríkà. Ní 1991, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ibà pọ́njú, wọ́n rí i ní ìpínlẹ̀ Delta ní Nàìjíríà. Nítorí náà, òkìtì táyà lẹ́bàá ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà àyíká nìkan; ọ̀rọ̀ ìlera ni.

Ìpalára wọ̀nyí ni ó mú òfin wá. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ní Yúróòpù fi òfin 1999 kan kọ̀ pé kí wọ́n má ṣe ri odindi táyà mọ́lẹ̀ ní ààtàn mọ́ láti 2003, àti táyà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ láti 2006. Ní 1999 bákan náà, ìjọba Brazil pàṣẹ pé kí àwọn tí ń ṣe táyà àti àwọn tí ń kó o wọlé máa gba àlòkù padà ní ìwọ̀n kan sí iye tí wọ́n bá tà. Nígbà tí Brazil tún kọ̀ láti gba táyà àtúnṣe láti Yúróòpù, tí ó sọ pé ẹ̀fọn àti èéfín ni ó fà á, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ àjọ ìṣòwò àgbáyé. Ìdájọ́ 2007 gbà pé orílẹ̀-èdè lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ láti dáàbò bo ìlera, ṣùgbọ́n ó bá Brazil wí pé kò lo òfin náà bákan náà fún gbogbo ènìyàn.

Láti inú òfin ni ọjà tuntun ti jáde. Níbi tí wọ́n ti kọ ààtàn fún táyà, ẹni tí ó ni àlòkù ni ó ń sanwó kí wọ́n lè bá a gbé e lọ. Ilé-iṣẹ́ àtúnlò ibẹ̀ ń jèrè lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí táyà wọlé, àti nígbà tí ohun tí wọ́n fi ṣe bá jáde. Ibi yìí ni ètò òwò tí wọ́n bá wò láti òkè òkun ti máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà ní Nàìjíríà, nítorí èrè àkọ́kọ́ yìí kò sí níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń ra àlòkù.

6. Nàìjíríà: àwọn tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dunlop kọ́ ilé-iṣẹ́ táyà sí Ìkẹjà, Michelin sì kọ́ tirẹ̀ sí Port Harcourt. Àwọn méjèèjì ń lo rọ́bà tí wọ́n kọ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n owó iná àti ẹ̀rọ amúnáwá wọ́n, táyà tí kò wọ́n sì ń ti òkè òkun wọlé. Michelin dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní 2007, Dunlop sì tẹ̀lé e ní 2008. Ohun tí ó rọ́pò wọn ni táyà tuntun láti òkèèrè àti táyà tòkunbọ̀. Tòkunbọ̀ yìí wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dè pé kí wọ́n má kó wọlé, àfi táyà ńlá ti ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe. Òfin kọ̀ ọ́, ọjà gbà á. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé àkísà àwọn ẹlòmíràn ń di aṣọ ní Nàìjíríà fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó di àkísà lẹ́ẹ̀kejì.

Síbẹ̀, kì í ṣe òótọ́ pé kò sí àtúnlò táyà ní ilẹ̀ Yorùbá kí àwọn ilé-iṣẹ́ òde òní tó dé. Fọkanáísà ni ó ń mú kí táyà pẹ́ láyé. Bí táyà bá kọjá àtúnṣe, aránbàtà lè gé e fi ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà tí kì í tètè jẹ. Túùbù a máa di okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà, ó ń di ohun ìfami létí kànga, ó sì ń di rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. Ètò àtúnlò nìyí, bí kò tilẹ̀ ní ọ́fíìsì. Èyí tí ó sì sàn jù nínú rẹ̀ ni pé kò tú ìdè imí-ọjọ́ rárá. Ó lo táyà nítorí líle àti nínà tí ìdè náà fún un.

Ṣùgbọ́n ètò yìí kò lè tán òkìtì. Ohun tí ó ń ṣẹ́ kù ni wọ́n ń dà sí ojú àgbàrá, tàbí kí wọ́n jó o. Àwọn kan ń jó o kí wọ́n lè yọ wáyà irin inú rẹ̀ tà fún àwọn oníkọ̀ńdẹ́mù. Àwọn mìíràn ń fi í jó irun ara ẹran níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran, tí èéfín rẹ̀ sì ń bá awọ tí ó ń di pọ̀nmọ́. Èéfín yìí ní gáàsì imí-ọjọ́ nínú, ó sì ní àwọn èròjà tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ó yẹ kí àwọn oníṣirò òwò kíyè sí i pé ẹni tí ń jó táyà jẹ́ oníbàárà. Òun ni ó ń bá ilé-iṣẹ́ àtúnlò du ọjà kan náà, kò sì sanwó fún ìpalára tí èéfín rẹ̀ ń ṣe.

Àpẹẹrẹ kan láti Ìbàdàn fi hàn pé wọ́n lè borí ìdíje yìí. Gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ìròyìn Reuters ti ròyìn ní 2021, ilé-iṣẹ́ tí Ifẹ́dọlápọ̀ Runsewe dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 4, wọ́n sì ti di 128 nígbà náà. Táyà tí wọ́n ti lọ̀ ti lé ní 100,000. Wọ́n ń fi í ṣe bíríkì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, ìtẹ́lẹ̀ rírọ̀ fún pápá ìṣeré àwọn ọmọdé, àti àwọn òkè kéékèèké tí ń dín eré ọkọ̀ kù lójú títì. Ní 2021, àwọn tí ń kó táyà wá ń gba láti 70 sí 100 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, fọkanáísà sì wà lára wọn. Ohun tí ó ń dí ojú àgbàrá tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ó níye.

7. Ohun tí ìtàn sọ nípa ọjà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà àtúnlò táyà pọ̀, ìtàn sì jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti tò wọ́n tẹ̀ léra wọn. Èkínní ni fífi rọ́bà tuntun bo ojú táyà tí ara rẹ̀ ṣì dára. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún táyà bàálù lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó sọ ọ́ nù, ó sì yẹ táyà ọkọ̀ akẹ́rù jù. Èkejì ni gígé e bí ó ti wà, gẹ́gẹ́ bí àwọn aránbàtà ti ń ṣe. Ẹ̀kẹta ni lílọ̀ ọ́ di èérún. Wọ́n á fi mágínẹ́ẹ̀tì fa wáyà irin kúrò, wọ́n á yọ òwú, wọ́n á sì fi àtè po èérún náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ di bíríkì. Wọ́n tún lè pò ó mọ́ ọ̀dà títì, gẹ́gẹ́ bí Charles McDonald ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Phoenix ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960, ní ìlú tí oòrùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ̀kẹrin ni sísè é nínú agbada irin tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ó lè di epo, gáàsì àti èédú. Èyí tí ó kẹ́yìn ni jíjó o nínú ààrò ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì dípò èédú tàbí gáàsì.

Bí ọ̀nà kan bá ṣe jìnnà sí ìrísí táyà tó, bẹ́ẹ̀ ni ó sábà ń gba owó ẹ̀rọ tó, tí ohun tí ó ń tì í jáde sì ń bá ọjà tí ó tóbi ju agbára ilé-iṣẹ́ kékeré lọ díje. Epo tí wọ́n rí lára táyà yóò bá epo rọ̀bì díje, iye epo rọ̀bì ni yóò sì pinnu èrè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iye rọ́bà Malaya ti pinnu èrè àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ní 1921 àti lẹ́yìn 1928. Bíríkì ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń bá díje ni bíríkì sìmẹ́ńtì tí ó wà ládùúgbò, èyí tí ó wúwo tí owó ọkọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ láti ibi jíjìn. Oníṣòwò tí kò ní owó púpọ̀ yóò rí ààbò díẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí dá lórí àkójọ. Táyà fúyẹ́ ní ìwọ̀n sí àyè tí ó ń gbà, nítorí inú rẹ̀ ṣófo. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó bá kó odindi táyà láti Ṣakí dé Ìbàdàn, afẹ́fẹ́ ni apá púpọ̀ nínú ohun tí ó kó. Owó ọkọ̀ lè jẹ èrè tán kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ fi nílò àwọn tí ó sún mọ́ òkìtì, tí wọ́n mọ táyà tí ó ṣì ṣeé tún ojú rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ó yẹ fún ẹ̀rọ, tí wọ́n sì lè gé e kéékèèké kí ó tó gun ọkọ̀. Àwọn wọ̀nyí kò ṣòro láti rí. Fọkanáísà ni wọ́n, wọ́n sì wà ní oríta gbogbo. Ìmọ̀ tí ó ṣọ̀wọ́n ní Amẹ́ríkà ní 1942, nígbà tí wọ́n kó 450,000 tọ́ọ̀nù jọ láìṣà, ni iṣẹ́ òòjọ́ wọn.

8. Ìgúnlẹ̀

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ògbólógbòó táyà ti jẹ́ ọrọ̀ ní àwọn àsìkò kan, ó sì ti jẹ́ ẹrù ní àwọn àsìkò mìíràn, bẹ́ẹ̀ táyà kan náà ni. Owó rọ́bà tuntun ni ó sọ ọ́ di ọrọ̀ ní 1910, ogun ni ó sọ ọ́ di ọrọ̀ ní 1942, òfin ni ó sì sọ ọ́ di ọrọ̀ ní Yúróòpù láti 2003. Owó rọ́bà àgbáyé kò sí ní ìkáwọ́ oníṣòwò ilẹ̀ Yorùbá. Òfin wà lọ́wọ́ ìjọba, ó sì ṣeé ṣe kí ó pẹ́ kí ó tó dé. Àkójọ nìkan ni ó wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ lónìí.

Ewu ibẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ lè ṣe sí àwọn akójọ bí wọ́n ti ṣe sí igi ìrẹ́. Bí iye tí wọ́n ń san lórí táyà kan bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò tó owó ọkọ̀ àti làálàá, fọkanáísà yóò padà fún ẹni tí ń jó o, tàbí kí ó tú u dà sí ojú àgbàrá. Nígbà náà, ẹ̀rọ yóò wà, iná yóò wà, oníbàárà yóò wà, ṣùgbọ́n kò ní sí táyà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́, nígbà tí ìlú kún fún táyà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí òwò yìí tọ́jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí yóò kan ẹni tí ń gbé táyà wá, kí ó tó ṣírò iye tí ẹ̀rọ yóò ná an.